Nọ́mbà Kì Í Kú

1.

"—kò kú kẹ̀? Ẹ wò mí lójú kí ẹ tún un sọ. Ẹran tí mo fi ọwọ́ ara mi wọ́ ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì jáde, tí ahọ́n rẹ̀ ń gbálẹ̀, ẹ jókòó sórí àga tí ń yí, ẹ ní kò kú. Ó sùn ni? Àbí ó lọ kí ìyá rẹ̀?"

"Ẹ rọra. Ọ́fíìsì nìyí. Ẹ má pariwo."

"Ariwo kọ́, ohùn mi ni. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń bá àgùntàn sọ̀rọ̀. Àgùntàn kì í gbọ́ ohùn kékeré."

Ọkùnrin orí àga ni ọ̀gá ilé ìwádìí. Orúkọ rẹ̀ gùn, oyè mẹ́ta ló ń fà á níwájú, mẹ́rin ń tì í lẹ́yìn, bí ọkọ̀ ojú irin. Àmọ́ Ẹ̀rí-Wà ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é. Ẹ ní òjò ń rọ̀, á ní ẹ̀rí wà. Ẹ ní ẹ kú àárọ̀, á kọ́kọ́ wo aago kó tó dáhùn.

Obìnrin tó ń jà ni Ìyá Àgùntàn. Òun ló ń bọ́ ẹran ilé ìwádìí, tó ń gbá ìgbẹ́ wọn, tó ń di ọrùn wọn mú fún abẹ́rẹ́. Kò ka ìwé kọjá mẹ́fà. Ara àpò oúnjẹ ẹran ló ti kọ́ ìyókù, ó sì ka àpò púpọ̀.

"Ìwé àkọsílẹ̀ wà," Ẹ̀rí-Wà wí. "Àgùntàn mẹ́rìnlélógún la fi bẹ̀rẹ̀. Àgùntàn mẹ́rìnlélógún la fi parí."

"Mọ́kànlá ló kú láàárín. Ẹ ò mọ̀ wọ́n ni."

"Èmi ò mọ ẹyọ kan nínú wọn."

"Ìyẹn náà, ẹ̀rí wà."

Ọ̀gá náà ṣí gègé, ó tún dé e.

"Oògùn tó pa ẹran mi," Ìyá Àgùntàn wí, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, "òun lẹ fẹ́ fún ẹ̀gbọ́n mi mu lọ́jọ́bọ̀."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín wà lọ́wọ́ ìmọ̀."

"Àwọn àgùntàn náà wà lọ́wọ́ ìmọ̀. Ìmọ̀ ò tiẹ̀ yọjú síbi ìsìnkú wọn."

"Ẹ padà sí ilé ẹran."

Ọjọ́ Ajé nìyẹn. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta.

&nbsp;

2.

*(Ara ilẹ̀kùn ilé ẹran. Omi ti jẹ ẹ́ létí.)*

ÌKÌLỌ̀

A. ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ WỌLÉ LÁÌWỌ BÀTÀ RỌ́BÀ.
B. ẸRAN KỌ̀Ọ̀KAN GBỌDỌ̀ NÍ NỌ́MBÀ.
D. KÒ GBỌDỌ̀ SÍ ÀLÀFO NÍNÚ ÌWÉ.
E. Ẹ MÁ ṢE SỌ ẸRAN LÓRÚKỌ.

*(Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n fi èédú kọ ọ́:)* Ti E ti pẹ́ jù. Ọlọ́pàá ti ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

&nbsp;

3.

Kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ gbọ́ bí nọ́mbà ṣe ń rìn nílé ẹran.

Yàrá mẹ́rìnlélógún ló wà níbẹ̀, méjìlá lápá ọ̀tún, méjìlá lápá òsì, irin ló là wọ́n láàárín. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nọ́mbà sára irin kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi àmì ike kékeré kọ́ nọ́mbà kan náà sí etí ẹran tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì ìwádìí ni ẹran yàrá kẹta kú. Ìyá Àgùntàn bọ́ ìbọ̀wọ́, ó lọ bá akọ̀wé.

Akọ̀wé ni wọ́n ń pè ní Bàbá Àlàfo. Onírùngbọ̀n ni, rùngbọ̀n náà kò sì ní àlàfo. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń dí ihò inú ìwé. Bó bá rí ibi tó funfun lójú ewé, bí ẹni rí ejò lórí ibùsùn ni.

Ó ṣí ìwé. Ìwé náà ní ibi ìwúwo. Ó ní ibi ìgbóná ara. Ó ní ibi ìgbẹ́, ibi irun, ibi bí eyín ṣe rí. Bàbá Àlàfo wò ó sókè, ó wò ó sódò.

"Kò sí ibi tí mo fẹ́ kọ ọ́ sí," ó ní.

"Kí la wá fẹ́ ṣe?"

"Ẹran ṣì wà ní pápá ẹ̀yìn. Ẹ mú ọ̀kan wọlé."

Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Àgùntàn yọ àmì létí òkú, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó gbé e kọ́ etí alààyè. Lójú tirẹ̀, kò sí ohun tó ṣe. Nọ́mbà ilé ni. Bí ayálégbé bá kú, ṣé wọ́n máa ń sin nọ́mbà ilé mọ́ ọn ni? Ẹlòmíràn á kó wọlé, lẹ́tà á sì máa wá.

Ẹran mọ́kànlá ló kú. Ìgbà mọ́kànlá ló fọ àmì etí. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fọ̀ ọ́. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀, kí ẹnì kan má sọ pé mo ń gbè é lẹ́yìn.

&nbsp;

4.

ÀGÙNTÀN KẸRÌNLÁ

Ọ̀sẹ̀ 1. Abo. Funfun. Kílò 27.
Ọ̀sẹ̀ 2. Kílò 25.
Ọ̀sẹ̀ 3. Kílò 22. Kò jẹun.
Ọ̀sẹ̀ 4. Kílò 36. Dúdú. Ó ń jẹun dáadáa.
Ọ̀sẹ̀ 5. Kílò 38. Ó kan akọ̀wé nídìí.

*(Gègé pupa, ọwọ́ Ẹ̀rí-Wà:)* Ìdàgbàsókè tó yani lẹ́nu. Ẹ fi èyí síwájú nínú ìròyìn.

*(Èédú, ẹ̀yìn ìwé:)* Ó tún hu ẹpọ̀n méjì. Ṣé iṣẹ́ oògùn nìyẹn náà?

&nbsp;

5.

*(Fóònù. Ọjọ́ Àìkú, ìyẹn ọjọ́ kan ṣáájú ìjà.)*

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n ti gbà mí o. Ọjọ́bọ̀ ni n ó gbé ti àkọ́kọ́ mì.

ÌYÁ ÀGÙNTÀN: Kí lẹ fẹ́ gbé mì

Ẹ̀GBỌ́N: Oògùn aràn ẹ̀dọ̀. Tiyín náà ni. Ibi iṣẹ́ rẹ ni, o ò tiẹ̀ sọ fún mi, àjèjì ló wá sọ ọ́ létí mi. Ìkà ni ọ́.

ÌYÁ ÀGÙNTÀN: Àǹtí, ta ló ní oògùn yẹn ti tó mu

Ẹ̀GBỌ́N: Ògiri. Mo kà á lára ògiri iwájú. Àgùntàn mẹ́rìnlélógún, ẹyọ kan ò kú. O tọ́jú wọn dáadáa. Inú mi dùn sí ọ.

ÌYÁ ÀGÙNTÀN: Ògiri wo

&nbsp;

6.

Ọdún mọ́kànlá, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà. Bàtà rọ́bà kì í gba iwájú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, bàtà rọ́bà gba iwájú. Ó fi ìgbẹ́ tẹ ilẹ̀ dídán láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi tí pátákó ara ògiri náà wà.

ÀBÁJÁDE ÌWÁDÌÍ
Oògùn tuntun fún aràn ẹ̀dọ̀: àǹfààní fún ẹran, ìrètí fún ènìyàn
Àgùntàn: 24
Ikú: 0
Ìwúwo: ó lọ sókè
Ìparí ọ̀rọ̀: oògùn yìí kò léwu. A lè bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún ènìyàn.

Wọ́n ní irọ́ a máa sá fún òtítọ́. Irọ́ yìí ò sá. Wọ́n fi gíláàsì bò ó, wọ́n tan iná sí i.

Ìyá Àgùntàn ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá fi ìka kan òdo náà. Ìka náà fi àmì ìgbẹ́ sílẹ̀ láàárín rẹ̀, ó wá dà bí ojú tó ń wò ó.

Ó rò ó. Ta ló fọ òdo yìí mọ́ tó báyìí?

Ọṣẹ òun ni.

Ó kọrí sí ọ́fíìsì ọ̀gá, kò kan ilẹ̀kùn. Ẹ ti gbọ́ ìyókù.

&nbsp;

7.

Obìnrin kan jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Ó ti pẹ́ díẹ̀, ṣáájú gbogbo ìjà yìí. Ó sanra, ó ń fi ara mi àga náà síwá sẹ́yìn, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí i. Nígbà tí wọ́n ní kó gun òṣùwọ̀n, ó ní kí wọ́n di ògiri mú. Bàbá Àlàfo kọ kílò 82.

"Ṣé ó korò?"

Wọ́n ní kò korò.

"Ẹ̀ ń parọ́. Oògùn tí ò korò, omi ni."

Ó fún wọn ní nọ́mbà fóònù. Ó ní àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n bá kọ, ọkọ òun ló máa ń ka lẹ́tà kéékèèké fún òun, torí náà kí wọ́n má kọ ìsọkúsọ. Ó bọ́ bàtà, ó wọ̀ ọ́ padà. Ó ní ọjọ́ tí òun bá lo oògùn yìí tán, ohun àkọ́kọ́ tí òun máa ṣe ni pé òun á

&nbsp;

&nbsp;

8.

ẸNI KEJE, Ẹ KÚ ÀÁRỌ̀. ỌJỌ́ KẸTÀDÍNLÓGÚN NÌYÍ. ARA YÍN Ń MÓKUN SÍ I. Ẹ MÁ GBÀGBÉ LÁTI LO OÒGÙN YÍN PẸ̀LÚ OÚNJẸ. Ẹ MÁ FÈSÌ SÍ ÀTẸ̀JÍṢẸ́ YÌÍ.

&nbsp;

9.

*(Yàrá ìwé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì ìjà. Ìyá Àgùntàn fi fóònù gba ohùn sílẹ̀ nínú àpò aṣọ iṣẹ́. Ẹnì kan ń húkọ́ láàárín, òun náà ni.)*

— Bàbá Àlàfo, ẹ ǹlẹ́ o.

— Ẹ bọ́ bàtà yẹn síta.

— Mo bọ́ ọ. Òórùn mi lẹ̀ ń gbọ́. Ìwé tí ẹ fi ń kọ ti ènìyàn, ẹ jẹ́ n rí i.

— Fún kí ni?

— Ẹ̀gbọ́n mi máa wà nínú rẹ̀.

— Ìwé kan náà ni. Ti àgùntàn ló ṣẹ́ kù nílé. Wọn ò tíì tẹ tuntun. Mo fa ìlà sórí "àgùntàn," mo kọ "ènìyàn" lé e.

— Ibi irun ńkọ́?

— Mo ń kọ bóyá wọ́n ṣe irun tàbí wọ́n ò ṣe é.

— Ibi ìgbẹ́?

— Mo ń bi wọ́n léèrè.

— Ibi ikú?

*(Ìwé ń ṣí. Ìwé ń padé.)*

— Ìyá Àgùntàn, ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Èmi kì í pa ẹnikẹ́ni. Ìlà ni mo ń fà.

— N ò ní ẹ pa ẹnikẹ́ni. Mo ní bí ẹnì kan bá kú, ibo lẹ máa kọ ọ́ sí.

— Ènìyàn mẹ́wàá la ní. Mẹ́wàá ló wà nínú ìwé.

— Bẹ́ẹ̀ náà ni mẹ́rìnlélógún wà nínú ti ẹran.

— Ẹ̀yin lẹ fọ àmì etí, kì í ṣe èmi.

— Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí n ò fi sùn lánàá. Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ sùn?

*(Ìyá Àgùntàn húkọ́.)*

— Ẹ wọ bàtà yín kí ẹ máa lọ.

&nbsp;

10.

*(Ìwé àjákọ kékeré tí Ìyá Àgùntàn máa ń fi sínú bàtà rọ́bà, ti ọ̀tún.)*

ÀWỌN TÍ WỌN Ò KÚ

Ọlọ́pàá, yàrá 3. Kì í jẹ́ kí èèyàn kọjá láìfún un ní nǹkan.
Àlùfáà, yàrá 9. Ó máa ń kúnlẹ̀ kó tó jẹun.
Ẹni tó rọ́pò Àlùfáà, yàrá 9. Ọjọ́ mẹ́fà péré. Orúkọ ò tíì balẹ̀.
Ẹni tó rọ́pò ẹni tó rọ́pò Àlùfáà, yàrá 9. N ò sọ ọ́ lórúkọ mọ́, ó ti sú mi.
Ìyàwó Tuntun, yàrá 14. Ó funfun nini.
Ìbejì méjèèjì, yàrá 5 àti 6. Ọjọ́ kan náà. Èkejì ò fẹ́ dá wà.
Agbẹjọ́rò, yàrá 20. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ọjọ́ tó sinmi ni mo mọ̀.
Adití, yàrá 17.
Kò-Kàn-Mí, yàrá 22.
Ọ̀gá, yàrá 1. Ẹ má bi mí ní ìdí tí mo fi pè é bẹ́ẹ̀.

&nbsp;

7.

Obìnrin kan jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Ọjọ́rú ni, ọ̀la ni oògùn. Aránṣọ ni, ẹ̀gbọ́n Ìyá Àgùntàn ni. Ó tín-ín-rín bí okùn òwú. Funfun ojú rẹ̀ ti di pupa rúsúrúsú. Àga náà ò mì fún un rárá.

Bàbá Àlàfo na káàdì sí i. Òṣùwọ̀n wà níbẹ̀, kò ní kó gùn ún.

"Ẹ̀yin ni Ẹni Keje."

"Ẹ ṣeun. Ṣé ẹ ò ní í wọ̀n mí?"

"Ìwúwo ti wà nínú káàdì."

"Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ẹ máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ kí wọn láràárọ̀. Mo ti fún yín ní nọ́mbà mi láti ọjọ́ Àìkú. Tèmi ò wá."

"Á wá. Kọ̀ǹpútà ló ń fi í ránṣẹ́, èmi kọ́."

Ó dúpẹ́. Ó fi káàdì sínú àpò ọwọ́ rẹ̀, láàárín téèpù ìwọnṣọ àti ìgò òróró ẹ̀rọ, bí ẹni fi ẹyin pamọ́.

&nbsp;

11.

Ilé ìránṣọ. Ọ̀sán ọjọ́rú kan náà.

Ẹ̀gbọ́n fi abẹ́rẹ́ mẹ́fà sẹ́nu, ó ń gba àárín wọn sọ̀rọ̀. Ìyá Àgùntàn dúró sẹ́nu ọ̀nà torí bàtà rẹ̀.

"Ẹ má lò ó, Àǹtí."

"Kí ni kí n lò?"

Ẹ̀rọ ìránṣọ dáhùn dípò rẹ̀, ó sáré gba etí aṣọ kọjá.

"Mo bi ọ́. O ní kí n má lo èyí. Òmíràn dà? Gbogbo èyí tó wà nílé oògùn ni mo ti gbé mì. Aràn yìí ń fi ẹ̀dọ̀ mi ṣe búrẹ́dì, etí ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ti ń bọ̀ láàárín. Ìwọ ń ka òkú àgùntàn. Èmi ń ka oṣù."

"Mọ́kànlá ló kú."

"Nínú mélòó?"

"Tí ẹ bá ka èyí tó kú mọ́ èyí tó yè, márùndínlógójì."

"Ó wá ku mẹ́rìnlélógún tó yè. Èmi náà lè wà nínú mẹ́rìnlélógún. Ṣé àgùntàn wá gbọ́n jù mí ni?"

"Ẹ tún lè wà nínú mọ́kànlá."

"Mo mọ̀. Aránṣọ ni mí, mo mọ ìṣirò." Ó fa òwú já. "Kí ni wọ́n wí nígbà tí o sọ fún wọn?"

"Wọ́n ní kí n padà sílé ẹran."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó rọra ṣe é torí abẹ́rẹ́ ẹnu. "Láti kékeré ni mo ti ń sọ fún ọ pé ẹnu rẹ máa gbé ọ débẹ̀."

"Ẹ jẹ́ n wo káàdì yín."

"Ọwọ́ rẹ mọ́?"

Ó nu ọwọ́ sára aṣọ iṣẹ́, ìyẹn ò mú un mọ́. Ó gba káàdì. Ó kà á. Ó tún un kà.

"Àǹtí, kílò mélòó lẹ wọ̀n?"

"Mọ́kàndínláàádọ́ta. Ìwọ lo pè mí ní ọwọ̀ lọ́jọ́sí."

"Wọ́n kọ méjìlélọ́gọ́rin síbí."

"Bóyá wọ́n wọ̀n mí pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ."

"Ọ̀sẹ̀ kìíní, méjìlélọ́gọ́rin. Ọ̀sẹ̀ kejì, mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mẹ́rìnléláàádọ́rin."

"Ọ̀sẹ̀ wo? Ọ̀la ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

Ìyá Àgùntàn ò gbójú sókè. Ó mọ ìwé yìí. Ó mọ bí ìwúwo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà. Ó mọ ohun tó máa ń wà ní ìsàlẹ̀ àkàbà náà. Lókè káàdì, wọ́n fi pẹ́ńsù fa ìlà kan lórí nọ́mbà fóònù kan, wọ́n wá kọ nọ́mbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sórí rẹ̀. Ìlà náà fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó fà á, ojú ń tì í.

"Àǹtí," ó ní. "Ẹnì kan ti gbé yàrá yìí ṣáájú yín."

Ẹ̀gbọ́n yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń gún wọn sára ìrọ̀rí kékeré ọwọ́ rẹ̀. Ó pé mẹ́fà.

&nbsp;

12.

Ẹ̀gbọ́n kò sọ pé òun ò ní í lọ.

&nbsp;

13.

ẸNI KEJE, Ẹ KÚ ÀÁRỌ̀. OGÓJÌ ỌJỌ́ NÌYÍ. ARA YÍN TI YÁ TÁN. A BÁ YÍN YỌ̀. Ẹ MÁ GBÀGBÉ LÁTI LO OÒGÙN YÍN PẸ̀LÚ OÚNJẸ. Ẹ MÁ FÈSÌ SÍ ÀTẸ̀JÍṢẸ́ YÌÍ.

&nbsp;

14.

*(Gbọ̀ngàn ìpàdé. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀. Àkọsílẹ̀ ìjókòó ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ìwádìí. Àgbà mẹ́ta ló jókòó fún ìgbìmọ̀ náà, Alága wọn jẹ́ obìnrin onígíláàsì. Àwọn olùyọ̀ǹda mẹ́wàá wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, oògùn àti omi wà níwájú wọn. Bàbá Àlàfo ló ń kọ àkọsílẹ̀ yìí.)*

Ẹ̀RÍ-WÀ: Ní kúkúrú, ẹran mẹ́rìnlélógún, ikú òdo. Ní ti ènìyàn, a ti lé ní oṣù kan, àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí a fi bẹ̀rẹ̀ ló jókòó sẹ́yìn yẹn. Ikú òdo. Ẹ̀rí wà.

*(Ilẹ̀kùn ṣí. Àgbò dúdú kan wọlé. Ìyá Àgùntàn wà lẹ́yìn rẹ̀, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀.)*

ALÁGA: Kí nìyí?

ÌYÁ ÀGÙNTÀN: Ẹ̀rí ni, mà. Wọ́n ní ó wà. Mo ní kó wá kí yín.

Ẹ̀RÍ-WÀ: Ta ló jẹ́ kí ẹran wọ ibí?

ÌYÁ ÀGÙNTÀN: Nọ́mbà kẹrìnlá nìyí, ẹ wo etí rẹ̀. Ó wà nínú ìwé tó wà níwájú yín, mà. Ẹ ka ọ̀sẹ̀ kìíní.

ALÁGA: "Abo. Funfun."

ÌYÁ ÀGÙNTÀN: Ẹ ṣeun. Ẹ wá tẹ̀ síwájú díẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀.

*(Ọ̀kan nínú àwọn àgbà tẹ̀ síwájú. Ó padà jókòó. Àgbò náà ṣu sílẹ̀.)*

Ẹ̀RÍ-WÀ: Mà, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Obìnrin yìí ló pààrọ̀ àmì etí. Ó jẹ́wọ́ fún mi lọ́jọ́ Ajé. Òun ló ba ìwádìí jẹ́.

ÌYÁ ÀGÙNTÀN: Òótọ́ ni. Ọwọ́ yìí ni. Mo rò pé nọ́mbà yàrá ni. Mo fọ mọ́kànlá, mo gbé e kọ́ etí ẹlòmíràn. Bàbá Àlàfo, ẹ kọ ọ́, ẹ má dá a sí. Kí wọ́n lé mi tí ìpàdé bá tán. Àmọ́ ọ̀gá, ká ní ẹ gba ilé ẹran kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀ bá ti rí i pé abo ti di akọ. Ojú lásán tó o, kò nílò oyè.

Ẹ̀RÍ-WÀ: Ẹran nìyẹn. Ènìyàn ò ní àmì etí. Kò sí ẹni tó pààrọ̀ ènìyàn.

*(Ẹni Keje dìde lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Aránṣọ ni. Ó rìn wá síwájú, ó gbé káàdì rẹ̀ sórí tábìlì, ó gbé oògùn rẹ̀ tì í. Kò tíì gbé e mì.)*

ALÁGA: Méjìlélọ́gọ́rin. Mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ta ni ẹni yìí?

ẸNI KEJE: Èmi náà ń wá a, mà. Ẹ wò mí.

*(Wọ́n wò ó.)*

Ẹ̀RÍ-WÀ: Ó dára. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ara rẹ̀ yá, kò padà wá mọ́, a fi ẹlòmíràn sí àyè rẹ̀. Ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ wọlé, ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ jáde. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

ALÁGA: Ẹ̀rí wà?

Ẹ̀RÍ-WÀ: Akọ̀wé á wá a jáde.

*(Akọ̀wé ń kọ̀wé lọ.)*

ÌYÁ ÀGÙNTÀN: Ẹ má yọ ọ́ lẹ́nu, mo ti rí i. Nọ́mbà fóònù rẹ̀ wà lókè káàdì. Ìlà pẹ́ńsù náà ò nípọn.

Ẹ̀RÍ-WÀ: Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀.

ALÁGA: Ẹ jẹ́ kó pè é. Ẹ gbé ohùn rẹ̀ síta.

*(Ó ń dún. Ó ń dún. Ó ń dún.)*

OHÙN ỌKÙNRIN: Ẹ kú àárọ̀ o.

ÌYÁ ÀGÙNTÀN: Ẹ kú àárọ̀, bàbá. Ilé ìwádìí la ti ń pè. Ẹ jọ̀ọ́, ìyá tó ni fóònù yìí la fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

OHÙN ỌKÙNRIN: Ìyàwó mi ni.

ÌYÁ ÀGÙNTÀN: Ẹ bá wa fún un.

OHÙN ỌKÙNRIN: Ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ̀wé sí i láràárọ̀?

ÌYÁ ÀGÙNTÀN: Àwọn ni, bàbá.

OHÙN ỌKÙNRIN: Mò ń kà á. Èmi náà ni mo máa ń kà á fún un tẹ́lẹ̀. Ti àárọ̀ yìí ní ara rẹ̀ ti yá tán. Mo fẹ́ fèsì, ẹ sì ní ká má fèsì.

ALÁGA: Bàbá, níbo ni ìyá wà?

OHÙN ỌKÙNRIN: Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a sin ín. Mo wá síbẹ̀ yẹn lọ́jọ́ kejì, mo wá sọ fún yín. Bàbá onírùngbọ̀n kan ló dá mi lóhùn. Ó ṣí ìwé, ó wò ó sókè, ó wò ó sódò. Ó ní kò sí ibi tí òun fẹ́ kọ ọ́ sí.